Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Béèrè

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tó ń gbé Benin àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, pàápàá àwọn tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjọ Àgùdà.

Ẹni tó bá mọ Ekiosa yóò mọ̀ pé tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ìsọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jiyàn. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ẹ̀dó, ọmọ Ìgbò, Pidgin ni gbogbo wọn jọ ń sọ. Lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọmọkùnrin kan béèrè níwájú wa pé níbo ni Jésù wà nígbà tí wọ́n ń yìnbọn. Nǹkan bí 40 ènìyàn ló kú lọ́jọ́ náà, ọmọdé wà lára wọn. Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹbí níbẹ̀. Kí ni àwa àgbà wí? A ní kó pa ẹnu mọ́, pé a kì í bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́. Ó pa ẹnu mọ́ lọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ parí ọ̀rọ̀ náà sí, a ò sì mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí títí dòní. Ìyẹn ló ń kọ wá lóminú.

Ẹ̀bi náà pọ̀ lọ́wọ́ àwa òbí ju ti àwọn ọmọ lọ. Nígbà tiwa, ìbéèrè àti ìdáhùn ni katikísìmù. A há a sórí, a kà á, Fadá fún wa ní kòmúníọ̀n. A ò sọ pé kò dára, ohun tí a há sórí nígbà náà ṣì wà lórí wa. Àmọ́ ìwé ló ń béèrè, ìwé náà ló ń dáhùn. Ọmọ òde òní ní ìbéèrè tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í pé ṣé Màríà ni ẹ ń bọ ni? Aládùúgbò ń mú un lọ sí ìsọjí. Èyí tó wá léwu jù ní ìlú yìí ni àwọn tó ń kó ọmọge lọ sí Libya àti Italy, tí wọ́n ń kọ́kọ́ mú wọn búra ní ojúbọ. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì gégùn-ún fún àwọn oníṣẹ́ ibi náà, ó sì tú àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ẹ̀rù ìbúra ṣì ń bà, ta ni yóò sọ fún, tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu ni a ń ní kó lọ ka rósárì?

Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìgbàgbọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Benin. Lọ́dún 1516, ará Pọtogí kan, Duarte Pires, kọ lẹ́tà sí ọba wọn pé Ọba Benin ti fi ọmọ rẹ̀ àti ọmọ àwọn ìjòyè ńlá sílẹ̀ kí wọ́n di Kristẹni, pé wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó náà, kí àwọn Fadá tó fìdí kalẹ̀, ọkùnrin kan tó ti ṣẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ láti gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ òun kì í ṣe Fadá. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ Fadá nìkan ni. Nínú ìwé Christus Vivit tí Póòpù Francis kọ lọ́dún 2019, lẹ́yìn ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, ó bá àwọn àgbà wí pé ìdáhùn tí a ti sè sílẹ̀ ni a máa ń gbé fún àwọn ọ̀dọ́, a kì í jẹ́ kí ìbéèrè inú wọn jáde.

Èrò tiwa ni pé kí a máa pe àwọn ọmọ jọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn kékeré lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, ní gbangba, kí àgbà méjì jókòó tì wọ́n. Kí ọmọ kan ka ìhìnrere ọjọ́ náà, kí wọ́n sọ ibi tó rú wọn lójú láàárín ara wọn. Àgbà kò ní wàásù. Èyí tí kò bá yé ẹnikẹ́ni, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún katikíìsì tàbí Fadá.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Yorùbá nìkan ni kí wọ́n máa sọ níbẹ̀. Ó dun àwa náà pé àwọn ọmọ wa ń fi Pidgin kí wa láàárọ̀. Àmọ́ ọmọ kì í fi èdè tó ń wá lẹ́nu rẹ̀ sọ ohun tó ń dà á láàmú. Kí wọ́n fi Yorùbá gbàdúrà, kí wọ́n fi èyí tó bá yá wọn lẹ́nu jiyàn.

Ọmọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí. A ti ránṣẹ́ sí i pé ìbéèrè rẹ̀ ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun yóò wá, tí a ò bá tún ní ní kí òun pa ẹnu mọ́.