Òfin Tí Ó Mú Obìnrin, Tí Ó Fi Ọkùnrin Sílẹ̀

Ẹ̀ṣẹ̀ ni àgbèrè. Kò sí Kristẹni tí yóò jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni èyí tí àwọn aṣòfin ń bi ara wọn ní ilẹ̀ púpọ̀: ó ha yẹ kí ọlọ́pàá máa mú aṣẹ́wó, kí adájọ́ sì máa jẹ ẹ́ níyà? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ó bá dáhùn pé kò yẹ ti di ọ̀rẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1864, 1866 àti 1869, a ṣe òfin níbẹ̀ láti gba àwọn ọmọ-ogun lọ́wọ́ àtọ̀sí àti àwọn àrùn bí irú rẹ̀. Ní ìlú ọmọ-ogun àti ìlú èbúté, ọlọ́pàá lè nawọ́ sí obìnrin kan pé aṣẹ́wó ni. Bí ó bá kọ̀ kí oníṣègùn yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ̀wọ̀n ni. Bí a bá rí àrùn lára rẹ̀, a lè sé e mọ́ ilé-ìwòsàn títí di oṣù 9. Òfin náà kò yẹ ọkùnrin kankan wò.

Josephine Butler, aya àlùfáà tí í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Liverpool, dìde sí i. Òun kì í ṣe ọ̀rẹ́ àgbèrè. Àwọn obìnrin tí ó ti ṣubú ni ó ń gbà sínú ilé ara rẹ̀. Ní 1870, a fẹ́ dìbò yan aṣòfin kan ní Colchester, ìlú ọmọ-ogun. Sir Henry Storks, tí ó ti fi irú òfin yìí ṣàkóso ní Malta, ń du ipò náà. Butler lọ síbẹ̀ láti takò ó. Àwọn jàǹdùkú yí ilé-èrò tí ó wọ̀ sí ká, onílé sì ní kí ó jáde. Obìnrin kò tíì lè dìbò yan aṣòfin nígbà náà. Síbẹ̀ Storks kò wọlé. Ní 1886, a pa òfin náà rẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí, kí ó wo Abuja. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé Nàìjíríà rú ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú ní ìgboro, tí wọ́n pè ní aṣẹ́wó láìní ẹ̀rí. Ó ní kí a san mílíọ̀nù 6 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti ní irú agbára yìí, gbogbo obìnrin tí ó bá ń dá rìn ti di ẹni ìfura.

Àwọn alátakò ní, ohun tí òfin kò bá fìyà jẹ, ó ti gbà á láyè nìyẹn. Irọ́ ńkọ́? Ìlara ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwàásù àti ẹ̀kọ́ ni a fi ń bá wọn jà. Nígbà tí New Zealand fi ìbò 60 sí 59 mú ìyà yìí kúrò ní 2003, ó fi ìyà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi ipá mú ẹlòmíràn ṣe é, àti ẹni tí ó bá lo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Sweden, láti 1999, ń jẹ ẹni tí ó rà níyà, kò jẹ ẹni tí ó tà. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò fi obìnrin náà sẹ́wọ̀n.

Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Obìnrin tí a wọ́ wá síwájú Jésù, ta ni ó mú ọkùnrin rẹ̀ wá? Olúwa kò yin ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a sọ òkúta kan lù ú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọkùnrin pé ọmọlúwàbí kì í ra ènìyàn bíi tirẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ tí ebi kò fi ní í tà wọ́n. Bí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú yín bá sì fẹ́ rán ọlọ́pàá sí obìnrin, ẹ dìde, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ọkùnrin wà.