Ẹ Má Gba Ẹ̀bùrú Wọ Kútọnu

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ti Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Béyerúnkà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Pólì, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ìrìnàjò òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń dá rìn lọ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin: ẹ ó kúrò n'Íbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó wọkọ̀ l'Ékòó, ẹ ó sun oorun alẹ́ méjì lọ́hùn-ún, tó bá di ọjọ́ Àìkú ẹ ti padà sílé. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ní kí ẹ má lọ rárá. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Ẹ lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fi làákàyè yẹ̀ wò, ni pé kí ẹ má gba ẹ̀bùrú. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kí wọ́n sì tún lù ú nígbà tí ẹ bá ń jáde, nítorí ọmọ tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọ ìlú onílùú ti fọwọ́ ara rẹ̀ já ẹ̀tọ́ tó ní níbẹ̀ sílẹ̀.

N kò ní dí yín lọ́nà, nítorí Kútọnu tó ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú ara rẹ̀ rí. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíì rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Èbúté tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1965 ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkúńbọ̀ tó ti ná títì Ìbàdàn gbà wọlé. Ní ọjà Dantokpa, létí ọ̀sà, ẹ kò ní ná aṣọ méjì kí ẹ tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ní àyè ọ̀sán kan, kó wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ, ẹ ó sì rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́hùn-ún. Ọmọ Odùduwà ni Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó wà lọ́hùn-ún bíi tiwa. August 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ti àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ìlà sáàárín wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Faransé, ọjọ́ méjì tí ẹ bá fi ná ọjà lọ́hùn-ún yóò tú ahọ́n yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ̀tọ́ láti lọ síbẹ̀ kì í ṣe oore tí ẹnikẹ́ni ń ṣe yín. Ní May 1975 ni wọ́n dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ l'Ékòó. Ní May 1979, ní Dakar, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí lílọ bíbọ̀ aráàlú: ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà dópin. Ó ní kó mú ìwé ìrìnnà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti ìwé ìlera lọ́wọ́, kó sì gba ẹnu ọ̀nà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ wọlé. Apá yìí ni àwọn ọlọ́kadà tó ń kó èèyàn gba inú igbó ní ibodè Sèmè kì í sọ fún yín. Àdéhùn kan náà tún ní pé bí ìjọba kan bá fẹ́ lé yín jáde, kó fi tó ẹ̀yin àti ìjọba yín létí, kó sì gbé ìnáwó lílé yẹn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ bèèrè irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sí òǹtẹ̀ kan tó jẹ́rìí ọjọ́ tí ẹ wọlé?

Ìtàn wa ti fi hàn wá ohun tí àìníwèé ń fà. Ní November 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà wà lára àwọn Yorùbá tó fara gbá a: àwọn tó ti ń tajà láti ìgbà pípẹ́ ní Kumasi, Tamale àti Accra, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù àti owó tí wọ́n tajà àwìn fún èèyàn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò rí ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tó jẹ mọ́ wọn, torí pé aládùúgbò mọ̀ wọ́n. Aládùúgbò kọ́ ló ń pàṣẹ ìlú. Ní January 1983, àwa náà ṣe é fún ẹlòmíràn: èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ ni Nàìjíríà lé, ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó dùn mí pé orúkọ àpò, "Ghana Must Go", la fi rántí ìyà yẹn. Àdéhùn 1979 ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ohun tí ìjọba Shagari rí dì mú ni pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ wọn ti pé, ìwé kò sì sí lọ́wọ́ wọn.

Ẹ lè ní àwọn yẹn lọ gbé ibẹ̀ ni, ọjọ́ méjì péré lẹ̀yin fẹ́ lò. Ọjọ́ méjì tó kí ọ̀kadà oníṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní zémidjan gbé yín ṣubú, ó sì tó kí olè já fóònù yín gbà. Tí ẹ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè, ẹ̀yin tí ẹ wá fẹjọ́ sùn á sì di ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Àwíjàre tó lágbára jù lẹ́nu yín ni pé bí a mú ìwé dání, bí a kò mú un, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ wa. N kò ní parọ́ fún yín: ibùdó àyẹ̀wò láti Badagry dé Sèmè pọ̀ jù, owó sì ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ìwé, ṣe ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè dúró, kó rọra bẹ̀bẹ̀, kó ní òun kò ní. Ẹni tí kò ní ìwé, iye tí wọ́n bá dá lé e ni yóò san, nítorí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Láti October 2018 tí wọ́n ti ṣí ilé ẹnubodè àjùmọ̀lò ní Sèmè-Kraké, abẹ́ òrùlé kan ni òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin ti lè lu òǹtẹ̀ fún yín. Bí owó páspọ́ọ̀tù bá sì wọ́n jù fún yín, ìwé ìrìnnà ECOWAS wà. Owó rẹ̀ kéré sí i, ọdún méjì ló sì ń lò.

Ẹ̀yin òbí náà ń bẹ̀rù, ẹ sì jàre, pàápàá nítorí àwọn ọmọbìnrin. Òwò ọmọ ènìyàn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Òun ni wọ́n torí rẹ̀ dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní 2003. Síbẹ̀, ẹni tó ní "má wulẹ̀ mú ìwé dání, mo mọ ọ̀nà" gan-an ló yẹ kí ọmọ sá fún. Ọmọ tó dá lọ, tí ìwé rẹ̀ pé, tí ilé sì mọ ibi tó wọ̀ sí, wà láàbò ju èyí tí ọ̀rẹ́ ojú ọ̀nà ń mú lọ.

Nítorí náà, kí ìmúrasílẹ̀ yá ju ọjọ́ Ẹtì lọ. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó sì gbà á láyé. Ẹ tún gbọ́ ìròyìn kí ẹ tó sanwó ọkọ̀: láti August 2019 di December 2020 ni Nàìjíríà fi ti ibodè ilẹ̀ pa. Ẹ̀yin òbí, ọjọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé ọmọ bá ti jáde, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n kó lọ ya fọ́tò páspọ́ọ̀tù, kí ìwé náà ti wà nílé kó tó ronú ọ̀nà Sèmè.