Ẹ Jẹ́ Kí Àṣírí Aboyún Bò

A máa ń dá aboyún lẹ́bi pé kì í fẹ́ ṣe àyẹ̀wò HIV. Ẹjọ́ náà kò tọ́. Obìnrin tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó tọ̀ sínú ike, tó jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó, ṣé abẹ́rẹ́ orí ìka ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa sá fún? Ohun tó ń já a láyà ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èsì: ta ló máa gbọ́, kí ni ọkọ máa sọ, ṣé ilé ọkọ á ṣì ṣe é gbé? Bí àṣírí bá dájú, tí ọkọ sì bá a wá, àwọn tó máa kọ àyẹ̀wò kò ní pọ̀. Àwa tó yí i ká ló yẹ ká tún ìwà wa ṣe.

Àyẹ̀wò ọ̀hún kò le. Wọ́n á gún orí ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ohun àyẹ̀wò pẹlẹbẹ kan, èsì á sì jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí èsì bá ní kòkòrò HIV wà, wọ́n á fi irú àyẹ̀wò mìíràn tún un yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún aboyún. Ìwádìí ilé dé ilé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé kò tó àgbà 2 nínú 100 tó ní kòkòrò yìí. Èyí já sí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aboyún, ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n máa gbọ́.

Ti ẹni tí kòkòrò bá wà lára rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá lo oògùn, nínú irú aboyún bẹ́ẹ̀ 100, àwọn 15 sí 45 ló lè kó o ran ọmọ, nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí nínú ọmú. Bí ó bá ń lo oògùn, iye náà lè wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 5. Oògùn náà kì í ṣe títà nílé ìwòsàn ìjọba. Ìyá á máa lò ó lọ, ọmọ náà á gba tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́? Ẹ wo ọjọ́ aboyún nílé ìwòsàn. Àwọn obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ìyàwó Lágbájá, wọ yàrá ẹ̀yìn lọ o!” Gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní yàrá ẹ̀yìn. Orin dákẹ́, ojú bá obìnrin náà wọlé. Níbòmíràn, àmì tí wọ́n fi sí káàdì ló ń tú àṣírí. Ẹni tí èyí bá ṣojú rẹ̀, ilé àbíyè ìjọ tàbí ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ló máa gbà lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni lè má bi í nípa ẹ̀jẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin ọkọ náà lọ́wọ́ sí i. Torí pé obìnrin ni ilé ìwòsàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò, òun la fi ń ṣe ẹni tó kó àrùn wọlé. Irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ aya kò sì jẹ́rìí sí ti ọkọ: ó lè wà lára ọ̀kan kí ó má sí lára èkejì. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2015 pé Kúbà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó kápá gbígbà tí ọmọ ń gba kòkòrò yìí lára ìyá, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń yẹ àwọn ọkọ náà wò. Kúbà kì í ṣe ìlú olówó.

Ohun tí a ń béèrè nìyí:

Èkíní, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn, tí gbogbo aboyún á máa wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ì báà lárùn, ì báà má lárùn.

Èkejì, kí wọ́n ṣàlàyé kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n má sì fi tipátipá ṣe é. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pe ọkọ pẹ̀lú, bí aya bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí àti àwọn ilé àbíyè, kí àyẹ̀wò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Lílé wọn kiri kò ṣe aboyún lóore.

Ẹ̀karùn-ún, kí òṣìṣẹ́ ìlera tó bá tú àṣírí jìyà. Òfin Nàìjíríà ti 2014 kò fàyè gba kí wọ́n tàbùkù ẹnikẹ́ni nítorí HIV. Kí wọ́n lò ó.

Ìwọ ọkọ tó ń ka ìwé yìí, bí aya rẹ bá ń lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ aboyún, bá a lọ. Na ìka tìrẹ náà sílẹ̀ kí wọ́n gún un.