Òkìkí Ẹgbẹ́ Kì Í Ránṣọ Fúnni

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀yà tán, oníkálukú ní iṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ Victoria Beckham, ìyàwó David Beckham tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fa èyí.

Ọdún 1994 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin Spice Girls sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n, òkìkí wọn sì kàn káyé lọ́dún 1996. Ìmúra ni wọ́n fi mọ Victoria láàárín wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tú ká, wọ́n tún para pọ̀, wọ́n ń kọrin kiri láti ìparí 2007 wọ 2008. Ní oṣù kẹsàn-án 2008 kan náà ló pàtẹ aṣọ tirẹ̀ ní New York: ẹ̀wù mẹ́wàá péré.

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni olórin mọ̀ nípa aṣọ. Ṣùgbọ́n ní 2011, àwọn tó ń fún aránṣọ ní àmì ẹ̀yẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lọ́lá. Síbẹ̀, owó kò tètè wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ náà fi pàdánù. Nígbà tí àwọn mẹ́rin yòókù padà sórí ìtàgé lọ́dún 2019, kò bá wọn lọ.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ wá ni? Lójú tèmi, rárá o. Ó bá wọn kọrin níbi àṣekágbá ìdíje Òlíńpíìkì London ní 2012. Kò já okùn ọ̀rẹ́. Iṣẹ́ tó yàn ló dì mú. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin bá ní òun fẹ́ máa ránṣọ, ẹ má lé e. Ẹ kàn bi í pé: ta ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́? Kí ni ìwọ yóò máa jẹ títí ọjà yóò fi tà? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òkìkí lè pe oníbàárà wá lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ tó dán mọ́rán ló ń mú un padà wá.