Bí A Bá Dá Ẹ̀rọ Sí, Ká Má Gbàgbé Kòtò

Ní West Mineral, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, katapílà kan wà tó ga ju gbogbo ilé tó yí i ká lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Big Brutus. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 160, ìyẹn ni pé ó ga tó ilé alájà mẹ́rìndínlógún. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 5,500. Àwọn ènìyàn máa ń sanwó láti wò ó. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní “Háà!”, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹ̀rọ yìí máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó bá wá wò ó béèrè nǹkan méjì: kí ni ẹ̀rọ yìí gbẹ́? Ta ni ó sì dí kòtò náà?

Èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Níbi tí èédú bá ti jìn gan-an, àwọn awakùsà ní láti wọ inú ilẹ̀ lọ bá a. Ní Kansas, kò jìn tó bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 69 péré ni. Nítorí náà, wọ́n ń bó ilẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu. Koríko, igi, iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni èèpo. Èédú ni iṣu. Bíbó yìí ni iṣẹ́ Big Brutus. Garawa irin rẹ̀ lè kó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 150 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ kì í kó èédú. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ló ń tẹ̀ lé e láti kó o.

Wágọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú irin 150 ni wọ́n fi kó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ wá. Ọkùnrin 52 ló fi oṣù mọ́kànlá tò ó pọ̀, owó rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 6.5. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1963, ènìyàn mẹ́ta péré ló ń bójú tó o. Iná mànàmáná ló ń lò, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Ní 1974, èrè tán lórí iṣẹ́ náà, wọ́n sì pa á. Ọdún mọ́kànlá péré! Ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà ló wà títí di òní. Ní 1985, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìrántí.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní GEM of Egypt. Ní 1973, wọ́n ti òpópónà ńlá I-70 pa kí ó lè ráyè sọdá. Wọ́n ti tú u palẹ̀ báyìí. Silver Spade náà wà ní Ohio. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wá owó láti fi gbà á là, ṣùgbọ́n owó náà kò pé. Ní 2007, ó di àlòkù irin.

Àwọn kan lè sọ pé, “Ẹ̀rọ wọ̀nyí ló fún àwọn òbí wa níṣẹ́. Èédú yẹn ló fún wa níná.” Òótọ́ ni. Wọ́n tún lè sọ pé ọ̀pọ̀ kòtò náà ti di adágún omi tí àwọn ènìyàn ti ń pẹja. Òótọ́ nìyẹn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà máa ń sọ pé, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ọ̀rọ̀ èédú, ẹni tó jẹun kọ́ ló sábà máa ń ru igbá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kó èrè lọ, wọ́n sì fi òkìtì àti kòtò sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí Ààrẹ Jimmy Carter fi fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kẹjọ ọdún 1977. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá bó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe: kí ó dí kòtò, kí ó sì gbin nǹkan sórí rẹ̀. Nígbà náà, ó tún ní kí wọ́n máa san sẹ́ǹtì 35 lórí tọ́ọ̀nù èédú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi bíbó ilẹ̀ rí, kí owó náà lè tún àwọn ilẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n pa tì ṣe.

Lójú tèmi, òfin yìí ju Big Brutus lọ. Ọgbọ́n ni láti kọ́ ẹ̀rọ tó lè gbé tọ́ọ̀nù 150, ọgbọ́n tó jù ú lọ ni láti sọ fún olówó ẹ̀rọ pé, “Dí kòtò rẹ kí o tó lọ.” Ó ṣeni láàánú pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Big Brutus ti dúró ni òfin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Big Brutus dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń mú àlejò yí i ká mú wọn dé ẹ̀bá kòtò pẹ̀lú. Kí ọmọdé tó bá wo òkè tó ní “Háà!” wo ilẹ̀ náà. Yorùbá ní, ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìlú yín ni, ṣé ẹ̀rọ ni ẹ máa dá sí ni, àbí ilẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe?