Tópù Gásíkẹ́ẹ̀tì Jó, Ẹ́ńjìnnì Ò Kú

Ìdájọ́ kan wà tí wọ́n máa ń dá ní ọ̀pọ̀ ilé mẹkáníìkì, láti Mùṣin títí dé Ìbàdàn. Wọ́n á ṣí ìdérí rédíétọ̀, omi á máa hó yaya. Wọ́n á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì á ti dà bíi tíì oní-mílíìkì. Ọ̀gá á nu ọwọ́, á mi orí: "Tópù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé òmíràn ní ọjà Ládípọ̀." Ọlọ́kọ̀ á dorí kodò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó.

Irọ́ ni. Ohun tí gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó sábà máa ń sọ kò ju pé nǹkan kan mú ẹ́ńjìnnì náà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá gbé e jù nù láì wá nǹkan ọ̀hún kò tíì tún ohunkóhun ṣe.

Ẹ wo Toyota Camry tó jáde láàárín 1992 sí 2001, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì 5S-FE, oní-lítà 2.2. Irin ni bílọ́ọ̀kù rẹ̀, alumíníọ́mù ni tópù tó dé e lórí. Bí ooru bá mú àwọn méjèèjì, alumíníọ́mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Àárín àwọn méjì tí fífẹ̀ wọn ò dọ́gba yìí ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà. Òun ló ń dá iná inú sìlíńdà dúró, òun náà ni kò jẹ́ kí omi bá ọ́ìlì pàdé. Tí ooru bá ti kọjá ààlà, tópù á tẹ̀, iná á sì rí ọ̀nà gbà.

Ta ló wá jẹ̀bi? Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni rédíétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí, fáànù tí kò yí mọ́, ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, àti omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń bù sí i lójoojúmọ́ títí inú rẹ̀ fi dógùn-ún. Ìsàlẹ̀ náà ni tẹmọ́sítáàtì tí ẹnì kan ti yọ jù nù, tó ní ìlú wa ti gbóná tó, a ò nílò rẹ̀. Nínú 5S-FE, nǹkan bíi 82°C ni tẹmọ́sítáàtì máa ń ṣí, ó sì ní fáàfù kejì nídìí tó máa ń dí ọ̀nà àbùjá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ẹni tó yọ ọ́ ti ṣí àbùjá yẹn sílẹ̀ gbayawu: apá kan nínú omi gbígbóná á máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀ rárá. Wọ́n yọ ọ́ kí ọkọ̀ má baà gbóná, òun ló sì ń bá wọn mú un gbóná.

Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tí wọ́n bá wá gbé wọ inú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Rédíétọ̀ tó pa ti àkọ́kọ́ ló ń dúró dè é. Kò sì sí ẹ́ńjìnnì 5S-FE kan nínú àwọn Camry yìí tí kò tíì lé ní ogún ọdún. Gásíkẹ́ẹ̀tì inú èyí tí wọ́n ń tà lè jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú èyí tó jó. Ẹni tó ń tà á kò mọ bó ṣe gbóná rí níbi tó ti ń bọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò sì ní bá èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu.

Ibì kan ni ìgbàgbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú yìí ti wá o, ó yẹ ká sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rí tí kò pẹ́ tó tún jó, ni wọ́n bá parí èrò sí pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti tú kì í dúró mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni kò dúró.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó rí? Nínú 5S-FE, timing belt kò yí cam méjèèjì, àwọn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Ọ̀kan ló ń yí, gíà ló ń gbé agbára dé èkejì. Gíà kan níbẹ̀ pín sí awẹ́ méjì, sípíríńgì sì wà láàárín. Kí wọ́n tó tú cam yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi bóòtù kékeré kan, oní-mìlímítà 6, de awẹ́ méjèèjì pọ̀. Mẹkáníìkì tí kò bá wá bóòtù yìí kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ọlọ́kọ̀ ti máa fura.

Bí tópù bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fọ ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n á gbé irin tó tọ́ gbọnrangandan lé e, wọ́n á sì máa ki bébà irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Toyota fàyè gbà níhìn-ín kò ju 0.05 mìlímítà lọ, ìdajì nínípọn bébà tí a fi ń kọ̀wé. Ojú lásán kò lè rí i. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tópù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá a, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán. Ihò bóòtù gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, nítorí ọ́ìlì tàbí omi tó bá kù sísàlẹ̀ rẹ̀ lè fọ́ bílọ́ọ̀kù.

Ti dídè ló kù. Bóòtù mẹ́wàá ni. Láti àárín ni wọ́n ti ń dè é lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé 49 Nm lórí torque wrench, kí wọ́n tó wá yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 90° sí i. "Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n," ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń wí. Ọwọ́ kankan ò mọ 49 yàtọ̀ sí 60.

Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, tó jáde láti 2002 sí 2006, ní àléébù tirẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE oní-lítà 2.4, alumíníọ́mù ni bílọ́ọ̀kù náà, eyín ihò bóòtù tó wà lẹ́yìn a sì máa fà yọ. Bí wọ́n tilẹ̀ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì nígbà mẹ́ta, bóòtù ò ní mú. Wọ́n máa ń gbẹ́ ihò náà fẹ̀, wọ́n á fi eyín irin tuntun sí i, ó sì parí.

Ti oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ kó lè dí gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó kò gba àlàyé púpọ̀. Sodium silicate ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Òun gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dà sínú ẹ́ńjìnnì dípò ọ́ìlì lọ́dún 2009, nígbà tí wọ́n ń gba ògbólógbòó ọkọ̀ lọ́wọ́ aráàlú, kí ẹ́ńjìnnì wọn má baà ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé.

Àmọ́ ṣá o, ẹ́ńjìnnì mìíràn ti kú lóòótọ́: èyí tí omi ti ba bẹ́àrìn rẹ̀ jẹ́, èyí tí ọ̀pá písítìnnì rẹ̀ ti tẹ̀, èyí tí bílọ́ọ̀kù rẹ̀ ti sán. Wíwọ̀n ló ń fi ìyẹn hàn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì yín ti kú, ẹ béèrè pé mìlímítà mélòó ni tópù fi tẹ̀, kí ló sì mú un gbóná. Ẹni tí kò bá lè dáhùn méjèèjì, ẹ má fún un lówó Ládípọ̀.