Event Kì í Ṣe Ìṣẹ̀lẹ̀

Àwọn tí ó ń túmọ̀ èdè kọ̀ǹpútà sí Yorùbá kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pe event ní ìṣẹ̀lẹ̀. Nínú ìwé ìtàn, ìtumọ̀ náà kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nínú ètò aṣètò-iṣẹ́, èyí tí àwọn ilé ìfowópamọ́ fi ń to iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tẹ̀léra lóru láìsí ẹni tí ó dúró tì í, ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gbé e kúrò. Event inú ètò wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan a gbé e kalẹ̀ nígbà tí ó bá parí, òmíràn a dúró dè é, òmíràn a sì pa á rẹ́. Condition ni Control-M, ti ilé-iṣẹ́ BMC, tilẹ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń wá orúkọ fún un.

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ rí ní Ọ̀rẹ̀ mọ nǹkan náà. Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdígbó, ni ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé èyí tí ó ti Oǹdó wá àti èyí tí ó lọ sí Òkìtìpupa. Ní irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀, pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí ni wọ́n ń gbé lé orí ọkọ̀ tí ó kàn. Bí ó bá kún, wọ́n a gbé pátákó náà lé orí èyí tí ó tẹ̀lé e. cron, tí ó bá Unix Version 7 jáde ní 1979, aago ni ó ń wò. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í wo aago. Kíkún ọkọ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀. Pátákó jẹ́ àmì tí ó yọ̀ǹda ọkọ̀ tí ó kàn, nítorí náà àmì ìyọ̀ǹda ni ó yẹ kí event máa jẹ́.

Ìbá wu ènìyàn láti pè é ní àrokò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba àrokò gbọ́dọ̀ tú u, kọ̀ǹpútà kì í sì í tú nǹkan kan; bí atẹ̀wé bá sì ṣi àmì fi sí i, yóò di àròkọ ọmọ ilé-ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti lílo àmì kan fún iṣẹ́ púpọ̀. Reuse ni Gẹ̀ẹ́sì fi bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ mẹ́wàá bá ń dúró de àmì kan, àjùmọ̀lò ni: ọkọ̀ ńlá fọn fèrè wọ Ọ̀rẹ̀, ọlọ́kadà, alágbàárù àti oníbúrẹ́dì jọ dìde. Kò sí ewu níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa àmì àná rẹ́ kí wọ́n tó gbé ti òní kalẹ̀, àtúnlò ni. Control-M a máa so ọjọ́ mọ́ àmì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣètò àmì aláìlọ́jọ́ tí kò sì pa á rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbéra lọ́la kí àkọsílẹ̀ ọ̀la tó dé.

Àdàkọ ni ẹ̀kẹta, òun ni ó sì ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ṣẹ̀dá iṣẹ́ tuntun a da ti àtijọ́ kọ, a yí orúkọ rẹ̀ padà, a sì gbàgbé pé àmì tí ti àtijọ́ ń gbé kalẹ̀ ti bá a wá. Iṣẹ́ méjì wá ń gbé àmì kan náà kalẹ̀. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ parí ni yóò yọ̀ǹda ìṣirò owó oṣù, kí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó pé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbé pátákó Oǹdó lé ọkọ̀ tí kò ní kọjá Òdígbó.

Àwọn kan yóò ní àwọn ọ̀dọ́ ti mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹni tí ó da iṣẹ́ kọ láìwo àmì rẹ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì náà pẹ̀lú. Ìbá ṣe pé ó mọ èyí tí í ṣe àmì-àdúródè àti èyí tí í ṣe àmì-àgbékalẹ̀, ìbá mọ èyí tí ó yẹ kí òun fi sílẹ̀ àti èyí tí ó yẹ kí òun pààrọ̀.